Irin Tí Mo Rì Sínú Eérú

Ọ̀nà tó ti Pọ́bẹ̀ wá sí Ọ̀tà kò gba odidi ọjọ́ kan. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òkun ni mo là kọjá. Yorùbá ni à ń sọ nílé wa, Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ níbi tí mo bọ́ sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà tí mo ti dé Sángo, kò tíì sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kò rán mi létí pé ilẹ̀ ibòmíràn ni mo ti wá.

"Ará Kútọnu" ni orúkọ tí wọ́n fún mi. N kò gbé Kútọnu rí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé ibẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìgbà tí mo gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù, tí a kò sì jọ padà wálé. Mo ti sọ fún wọn pé Pọ́bẹ̀ ni ìlú mi. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ibì kan náà ni. 

Ohun tó kọ́kọ́ ya mí lẹ́nu níbí kì í ṣe ariwo. Ìkánjú ni. Nílé, bí ènìyàn bá gbé kẹ̀kẹ́ wá fún mi kí n tún un ṣe, á kọ́kọ́ jókòó. Á bèèrè àwọn ọmọ. Á bèèrè oko. Bí mo bá ń lu irin, òun á máa sọ̀rọ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa tán, irin náà á ti tutù. Ní Sángo, oníbàárà kì í jókòó. Á dúró tì ọ́ lórí, á máa wo fóònù rẹ̀, á máa ní, "Ṣé kò tíì tán ni?"

Àgbárá ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo ń kó páálí ní ilé iṣẹ́ kan. Ọdún méjì ni bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fi ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀, n kò sì rántí ẹnì kan tó béèrè orúkọ mi. Nọ́ńbà ló wà lára káàdì tí a ń fi kọ́ ọrùn. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, nọ́ńbà ni wọ́n pè, mo sì dìde.

Ẹni ogójì ọdún ni mí kí n tó mọ ìwé kà. Ìyàwó mi ló fà mí lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Òun ló sì máa ń sọ pé ohun tí mi ò bá lè fi ẹnu sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá bọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìlo-Awẹ́là. Alhaji ló ni ín, ọmọ Ọ̀tà gidi, ẹni tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń lu irin. Ẹ̀rọ léètì méjì tó ń yí irin gbẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin pọ̀ kan, àti iná èédú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Sàlìù ni ọ̀gá àwọn tó ń jó irin pọ̀. Kò tíì tó ogójì ọdún, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló máa ń pè mí. Òun náà kì í ṣe ọmọ ibí, Ìwó ló ti wá. Mo ti kíyè sí i pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè jókòó ló máa ń yára ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kúrò lórí àga.

Sàlìù ní àṣà kan, kì í sì í ṣe òun nìkan. Gbogbo wọn ni. Bí ó bá ti jó irin méjì pọ̀ tán, tí ibi tó jó náà ṣì pọ́n bí ẹyin iná, á gbé abọ́ omi, á dà á lé e lórí. Ṣáá! Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á ní ó ti tutù, á gbé e lọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nílé, lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ kan ló ní kí n so ibi ìkẹ́rù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù òun, ó ń kánjú, mo da omi sí i. Ó ṣẹ́ lójú ọ̀nà oko. Eyín iwájú mẹ́ta ni ọkùnrin náà sọ nù. Èmi àti ìyàwó mi la jọ gbé iṣu lọ bẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń bọ̀, ìyàwó mi ní, "Ìwọ lo kánjú, eyín ẹlòmíràn ló san án." Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni Lásísì gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ wá. Búrẹ́dì ló máa ń gbé lọ sí ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ láràárọ̀. Ọ̀kadà ti kọlù ú lọ́dún tó kọjá, orúnkún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì ká dáadáa mọ́. Bí pẹ́dàlì bá ti gòkè, orúnkún ní láti ká, tirẹ̀ kò sì gbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ bá mi gé apá pẹ́dàlì òsì yìí kúrú," ló wí. "Tó bá kúrú, orúnkún mi ò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Apá pẹ́dàlì ni irin tó so pẹ́dàlì mọ́ àárín kẹ̀kẹ́. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo ènìyàn ló ń bọ́ sórí rẹ̀.

Sàlìù gé àárín rẹ̀ jù nù, ó fi orí méjèèjì kanra, ó jó wọn pọ̀. Ó nawọ́ sí abọ́ omi.

"Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀," ni mo wí.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé ní Kútọnu, abẹ̀bẹ̀ lẹ fi ń fẹ́ irin ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó da omi sí i. Ó jù ú sí mi pé kí n fi fáìlì dán an, kí n kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Mo dán an, mo kùn ún. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò yọ ara mi kúrò.

Ọjọ́ kẹrin, Lásísì fi ẹsẹ̀ rìn padà wá, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Apá pẹ́dàlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣẹ́ sí méjì.

"Ẹni tó ṣe é dà?"

 Sàlìù fi ẹnu júwe mi. "Ará Kútọnu ni. Òun ló parí ẹ̀."

Lásísì di ẹ̀wù mi mú. "Ìwọ! Trélà ló kù díẹ̀ kó gun orí mi! Mo wà nílẹ̀, táyà ń kọjá létí mi, gbogbo búrẹ́dì mi fọ́n sójú títì! Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ máa bá mi tọ́ ni?"

Mo wo Sàlìù. Ó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ń bá a sọ̀rọ̀.

Alhaji jáde. Ó gba irin tó ṣẹ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní kí Lásísì fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí Lásísì ò bá gun kẹ̀kẹ́ yìí jáde níbí, kó ẹrù ẹ. N ò lè jẹ́ kí àjèjì bá mi ba orúkọ bàbá mi jẹ́."

"Kí n fún un ní ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì?" ni Lásísì wí. Ṣùgbọ́n ó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Kò ní owó tó máa fi ra òmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin mi Àṣàbí pè mí láti ilé. Ó máa ń bèèrè ìbéèrè kan náà.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti ń pè yín lórúkọ?"

"Wọ́n ń pè mí."

"Orúkọ wo?"

Mo bèèrè bí oko ṣe wà. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ò mọ irọ́ pa. Ẹ padà wálé, a ó jọ máa jẹ gààrì tó bá wà."

Mo sọ fún un pé mo ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, mi ò ní ibi tí mo ń lọ. Ẹni tó bá padà sílé nítorí pé wọ́n lé e, kì í ṣe ilé ló padà sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo ènìyàn ló di olùkọ́ mi. Àbúrò Alhaji, tó ń yọ́ alumíníọ̀mù fi rọ ìkòkò, ní kí n gbé e wá kí òun bá mi rọ ọ́ nínú yẹ̀pẹ̀. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Ìkòkò kì í gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ohun tí a bá rọ bẹ́ẹ̀, ojú kì í rí i, ọjọ́ tó bá máa ṣẹ́ kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹnì kan mú ọ̀rá líle kan wá láti ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ojú ihò tí pẹ́dàlì máa yí wọ̀ á tètè jẹ. Irin ìkọ́lé rọ̀ jù, á tẹ̀. Irin sípíríìnì ọkọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó pẹlẹbẹ jù fún ihò tí mo fẹ́ lu.

Sàlìù ní kí n jó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fi irin nípọn sí i.

Mo ti pinnu ohun kan: kò ní sí ibi tí a jó pọ̀ lára rẹ̀. Ibi tí kò bá sí oríkèé, kò sí ibi tó máa gbà yẹ̀. Irin kan ṣoṣo ni, láti orí dé ìdí.

Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta irin àlòkù. Mo wá ṣáàfù ọkọ̀ akẹ́rù, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, tó ti gbé ẹrù rí. Mo ń fi òòlù kékeré lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fetí sí ohùn wọn. Irin tó ti sán nínú kì í dún gbọọrọ, ohùn rẹ̀ máa ń kú.

Obìnrin náà fọwọ́ sí ìbàdí. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi í ṣe ìyàwó?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní àbùkù."

"Èmi tí mo ń tà á ní àbùkù, ẹ ò wá lu èmi náà wò!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo mú èyí tó dún jù. Àjákù ṣáàfù ni, ó gùn tó apá pẹ́dàlì méjì. Ọlọ́run ló ní kí n ra odidi rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi iná pọ́n ìdajì rẹ̀, mo lù ú dé bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n irin ṣáàfù máa ń le lẹ́yìn tí a bá lù ú, dírílì tí a fi ń lu ihò kì í lè wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a wá rì í sínú eérú gbígbẹ, kí ó tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà náà ni á rọ̀ tó láti gbẹ́, tí kò sì ní rọ̀ jù láti gbé ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo pọ́n ọn. Kò pẹ́ tí mo rì í sínú òkìtì eérú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo jáde lọ ra ẹnu dírílì. Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Eérú náà ti di ẹrẹ̀. Èéfín funfun ń rú jáde nínú rẹ̀. Abọ́ omi Sàlìù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dojú dé.

Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi dé. Sàlìù ló ṣáájú, ẹní ìkírun wà léjìká rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n gbọ́ ariwo mi.

"O kórìíra mi, ó dáa! Kí ni irin ṣe fún ọ? O ti bà mí jẹ́ lójú Lásísì, o tún fẹ́ pa á?"

"Ta ni ò ń pariwo mọ́?" Ó ju ẹní sílẹ̀. "Padà sí Kútọnu tí o bá fẹ́ pariwo!"

"Èmi ni mo ní kó pa iná."

Alhaji ni. Ó dúró lẹ́yìn wa. "Láti ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti gbé iná wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, tó jó o, ẹnikẹ́ni kì í fi iná sílẹ̀ lọ kírun. O mọ òfin yẹn. Ta ni o sọ fún pé irin wà nínú eérú?"

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà láàárín wọn, mo ti mọ òfin náà, síbẹ̀ mo rì irin mi bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́ fún olè. Ìkórìíra wọn ni mo ń kà lójoojúmọ́, n kò ka tèmi kún un.

Sàlìù wa irin náà jáde. "Ó ti tutù, ó ti le. Ṣé kì í ṣe irin líle lo fẹ́ ni?"

Mo fi fáìlì lé e. Fáìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka pa ara àwo. Mo rí ìlà kan lára rẹ̀, tín-ínrín bí irun. Mo gbé irin náà lé orí owú alágbẹ̀dẹ, mo fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ṣẹ́. Kò tẹ̀ rárá. Ìdajì rẹ̀ fò lọ kan ògiri.

 Sàlìù lọ mú u wá. Ibi tó ti ṣẹ́ ń dán yanranyanran bí iyọ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó rìn lọ síbi tí Alhaji ju apá pẹ́dàlì Lásísì sí, ó mú un nílẹ̀, ó fi méjèèjì síra. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀ ni ti Lásísì ti ṣẹ́. Iyọ̀ kan náà.

"Omi náà ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Omi ni."

Kò tọrọ àforíjì. Ó fi àwọn irin náà sílẹ̀ lórí owú, ó lọ wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo gbé ìdajì ṣáàfù tó kù. Láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́ ni mo fi pọ́n ọn tí mo fi lù ú. Mo rì í sínú eérú mìíràn tó gbẹ, mo sì sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé irin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò àtipa ṣọ́ọ̀bù dé, òfin Alhaji kò sì yí padà. Ó bèèrè láti ẹnu ọ̀nà bóyá iná ti kú.

Mo la ẹnu mi. Sàlìù ti ṣáájú mi. Ó gbé páànù àlòkù kan, ó fi bo eérú náà, ó kó yẹ̀pẹ̀ yí etí rẹ̀ ká títí kò fi sí ibi tí iná lè gbà yọjú, ó gbé òkúta lé e.

"Iná ti kú, Alhaji."

Mo wò ó. "Má wò mí," ló wí. "Kì í ṣe nítorí ẹ."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, irin náà tutù, ó sì rọ̀. Dírílì wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń yọ irin jáde bíi wáyà rírọ̀. Mo lu ihò ti ìdí, mo lu ihò kékeré tí pínnì máa gbà mú un. Mo gbé e lọ sórí léètì fún ojú ihò pẹ́dàlì. Ti ẹsẹ̀ òsì, ọwọ́ òdì ló ń yí. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, pẹ́dàlì á máa tú fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á. N kò gbàgbé.

Lásísì dé. A dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò gùn ún. "Kí ará Kútọnu kọ́kọ́ dúró lé e."

Mo gbé ẹsẹ̀ lé e, mo fi gbogbo ara mi dúró. Alhaji ní kí Sàlìù náà dúró lé e, ó sì wúwo jù mí lọ. Sàlìù gùn ún, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mira.

Lásísì wá gùn ún. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì gòkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí orúnkún náà yí po tí kò dùn ún. Ó gba ọ̀nà Ìlo-Awẹ́là lọ títí a kò fi rí i mọ́. Ó pẹ́ kó tó padà. Ìgbà tó dé, ó ń làágùn.

"Kò burú," ló sọ fún Alhaji. Kò wò mí. Ó yí kẹ̀kẹ́, ó lọ.

N kò kó ẹrù mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni mo ń rí Lásísì tó ń kọjá pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ ẹ́. Kì í kí mi. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ títí á fi kọjá, mo sì ń padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo ti wá rí i pé ènìyàn lè wúlò níbi tí wọn kò ti fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ilé, ṣùgbọ́n ó ṣeé dúró lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé férémù jẹnẹrétọ̀ wá. Kò jókòó. Sàlìù jó o pọ̀ tán, ibẹ̀ ṣì pọ́n.

"Bomi sí i jàre, mo ń kánjú."

Sàlìù gbé abọ́ omi. Ó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ń fi fáìlì gbẹ́ irin, n kò gbójú sókè. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀.

"Ẹ dúró kó tutù fúnra rẹ̀. Ará Kútọnu burúkú kan wà níbí tí kò ní jẹ́ ká gbádùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pòṣé, ó wo fóònù rẹ̀, ó wo irin, ó tún pòṣé. Níkẹyìn ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ṣe díẹ̀, ó kọjú sí Sàlìù.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" ló bèèrè.